Ẹsẹ̀ Hilux Àtijọ́ Kan: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ lórí Ọkọ̀ Tí Ń Kó Oúnjẹ Adìẹ àti Ẹyin ní Kuje

Ọkọ̀ tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí ni Toyota Hilux oníkábíìnì méjì ti ọdún 2008, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 2.7 tí ń lo epo bẹntiróòlù, tí ó sì ti rin ju 340,000 kìlómítà lọ kí wọ́n tó wà á wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní Apo, ní Abuja. Alhaja kan tí ó jẹ́ ọmọ bíbí Ìlọrin ni ó ni ín. Ó ń sin adìẹ ẹlẹ́yin lẹ́yìn ìlú Kuje, àwọn alátùntà ọjà Garki àti ti Wuse sì ni oníbàárà rẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni ọkọ̀ náà ń ṣe: ó ń kó fíìdì, ìyẹn oúnjẹ adìẹ, láti Gwagwalada wá sí oko, ó sì ń kó ẹyin láti oko lọ sí ìgboro. Gbogbo ohun tí a ṣe sí i, àti àwọn ohun tí a kọ̀ láti ṣe, orí iṣẹ́ méjì yìí ni ó dúró lé.

Ẹjọ́ tí Alhaja gbé wá ta kókó díẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá kó fíìdì sí i, ẹ̀yìn ọkọ̀ á wọlẹ̀ débi pé iná iwájú á máa tàn sójú ọ̀run, táyà á sì máa ha abẹ́ bọ́dì ní gbogbo ibi tí kòtò bá wà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹyin ni wọ́n kó, ọkọ̀ náà á máa ta gbọ̀ngbọ̀n bí ẹni pé kò ní sípíríńgì rárá, àwọn kíréètì tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá lápá ẹ̀yìn ni yóò sì kọ́kọ́ fọ́. "Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá sípíríńgì tó bá le jù lọ nínú ọjà, kí ẹ fi sí i," ni ó wí. "Ohun tí mò ń pàdánù lórí ẹyin ti pọ̀ jù." Dírẹ́bà rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Abaji, ní èrò tirẹ̀: ó fẹ́ kí a gbé ọkọ̀ náà sókè, kí a sì fi táyà ńlá sí i, bí ó ti ń rí i lára àwọn Hilux tí ń sáré kọjá lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú.

Kí ọkọ̀ kan náà rọ̀ jù fún fíìdì, kí ó sì tún le jù fún ẹyin, ó jọ ohun méjì tí kò lè gbé ojú kan náà. Ibẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí bí a bá kàn ta sípíríńgì líle fún Alhaja gẹ́gẹ́ bí ó ti béèrè, a ó yanjú ìdajì ẹjọ́ náà, a ó sì mú kí ìdajì kejì burú ju bí a ti bá a lọ.

A kọ́kọ́ wọn gíga ọkọ̀ náà láìsí ẹrù kankan nínú rẹ̀, lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú. Láti àárín gbùngbùn rọ́ọ̀mù ni a ti wọ̀n ọ́n dé etí bọ́dì tí ó wà lókè táyà; a kò wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, torí pé afẹ́fẹ́ táyà tí kò dọ́gba lè tan ènìyàn jẹ. Iwájú dọ́gba lápá méjèèjì, gíga rẹ̀ kò sì jìnnà sí ohun tí a mọ̀ mọ́ irú Hilux bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ wà: apá òsì fi sẹ̀ǹtímítà 4 relẹ̀ ju ọ̀tún lọ, àyè tí ó sì kù láàárín ákísù (ọ̀pá irin tí ó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀) àti rọ́bà tí ń gba ìkọlù lábẹ́ ṣáásí (egungun irin abẹ́ ọkọ̀) kò ju ìbú ìka méjì lọ. Ọkọ̀ òfìfo ni a ń sọ yìí o. Ojú rọ́bà náà ti ń dán, ó sì ti lanu. Ó hàn gbangba pé orí rẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń jókòó fún ìgbà pípẹ́.

Nígbà tí a tú sípíríńgì ẹ̀yìn sílẹ̀, èyí tí ó jẹ́ àwọn irin pẹlẹbẹ (lífù) tí a tò léra wọn, tí a sì fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha ẹrẹ̀ àti ìpẹtà kúrò lára rẹ̀, ìtàn ọkọ̀ náà jáde. Ṣọ́ọ̀bù kan tí ó ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti gbé ti apá òsì lọ fún alágbẹ̀dẹ, ẹni tí ó fi iná yọ́ ọ rọ̀, tí ó sì fi òòlù lù ú títí ó fi tún tẹ̀ bí ọrun. Àpá òòlù náà ṣì wà níbẹ̀, ara irin náà sì ti ní èèpá tí ó máa ń jáde lára irin tí ó bá ti pọ́n nínú iná. Irin sípíríńgì ní bí ilé iṣẹ́ ṣe ń dáná sí i: wọn á mú un gbóná dé ìwọ̀n kan, wọn á rì í bọ inú ọ́ìlì kí ó le, wọn á sì tún mú un gbóná ní ìwọ̀nba kí líle náà má bàa sọ ọ́ di ohun tí ń ṣẹ́. Bí wọ́n bá ti mú un pọ́n nínú iná ẹwìrì, tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ kí ó tutù fúnra rẹ̀, gbogbo iṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà ti dòfo nìyẹn. Á jáde ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìdúró tó wuni, ṣùgbọ́n ẹrù fíìdì bíi mélòó kan ni yóò gbà kí ó tó wọlẹ̀ padà. Òòlù fúnra rẹ̀ kò burú. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà máa ń lu lífù padà sípò ní tútù, láìjẹ́ pé iná kàn án, a sì ti rí èyí tí ó pẹ́.

Èkejì ni pé wọ́n ti fi lífù kan tí kì í ṣe ti Hilux kún sípíríńgì náà lápá méjèèjì, bóyá láti ara bọ́ọ̀sì kan. Ó nípọn ju àwọn tí ó bá níbẹ̀ lọ, ó kúrú jù wọ́n lọ, bí ó sì ṣe tẹ̀ kò bá tiwọn mu, nítorí náà orí rẹ̀ méjèèjì nìkan ni ó ń kan lífù tí ó wà lókè rẹ̀. Gbogbo agbára ẹrù wá ń kó jọ sí ojú ibi kékeré yẹn. Lífù kejì ti apá òsì ti ṣẹ́ ní ọ̀gangan ibi tí orí àjòjì náà ti ń tẹ̀ ẹ́, ojú ṣíṣẹ́ náà sì ti pẹtà dúdú, ẹ̀rí pé kì í ṣe ìgbà tí wọ́n gbé e wá ni ó ṣẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, ìpẹtà ti so àwọn lífù tí ó kù pọ̀ tí wọn kò fi lè yọ̀ lára ara wọn mọ́. Yíyọ̀ yẹn ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí bí àwọn lífù kò bá lè yọ̀, gbogbo wọn á di ọ̀pá irin kan ṣoṣo, bí ẹrù bá sì fúyẹ́, ọ̀pá náà kò ní tẹ̀ rárá.

Ibí yìí ni ohun tí mo fẹ́ kí àwọn onípíkọ́ọ̀pù gbọ́ dáadáa wà. Gíga sípíríńgì àti líle rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni olúkúlùkù. Sípíríńgì tí ó ti gbó máa ń pàdánù gíga rẹ̀, ìyẹn títẹ̀ bí ọrun tí ó ní nígbà tí ó jẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n líle rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà níwọ̀n ìgbà tí lífù kan kò bá tíì ṣẹ́. Ọkọ̀ Alhaja wọlẹ̀ nítorí pé ó ti pàdánù gíga. Ẹni tí ó fi lífù bọ́ọ̀sì kún un rò pé líle ni kò ní, ó sì fi líle kún un láìdá gíga padà bí ó ti yẹ. Bí wọ́n bá wá kó fíìdì, ìrìn kékeré tí ó kù fún ákísù á tán kíá, ọkọ̀ á sì gúnlẹ̀ sórí rọ́bà. Bí wọ́n bá kó ẹyin, sípíríńgì tí ìpẹtà ti so pọ̀, tí wọ́n tún fi irin tí ó nípọn kún, kò ní tẹ̀, àyè tí ó sì wà lókè ákísù kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kòtò tí kò jinlẹ̀ pàápàá á fi máa gbá a mọ́ rọ́bà. Ìdí kan náà ni ó bí àìsàn méjèèjì.

Ṣọ́ọ̀kì ló kàn. Mélòó nínú àwọn oníbàárà wa ni kì í gbà pé ṣọ́ọ̀kì ni ó ń gbé ọkọ̀ dúró, tí wọ́n á sì ní kí a pààrọ̀ rẹ̀ nítorí pé ọkọ̀ wọlẹ̀! Sípíríńgì ni ó ń gbé ẹrù. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì ni láti pa ìmì sípíríńgì náà kú, kí ọkọ̀ tí ó bá gun gálọ́ọ̀pù lè fò lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì jókòó, dípò kí ó máa fò lọ fò bọ̀. A gbé ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjèèjì sínú fáìsì, a fà á, a sì tẹ̀ ẹ́. Nínú ti ọ̀tún, ìdajì ìrìn rẹ̀ ni ó ṣófo, ọwọ́ kan péré la fi ń tẹ̀ ẹ́ láìsí ìdènà, kí ó tó wá gbá ọ́ìlì tí ó kù nísàlẹ̀. Ti òsì kò ní ọ́ìlì kankan mọ́. Ti iwájú sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ́ìlì ti jò sí ara ọ̀kan, erùpẹ̀ pupa sì ti lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹ̀kọ.

Ọ̀nà tí ó wọ oko náà láti Kuje jẹ́ ọ̀nà ilẹ̀ pupa tí òjò àti ọkọ̀ ti sọ ojú rẹ̀ di gbágungbàgun kéékèèké. Ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni ó ń pa ṣọ́ọ̀kì ju kòtò ńlá lọ, nítorí ìrìn kúkúrú tí kò dáwọ́ dúró náà máa ń mú ọ́ìlì inú rẹ̀ gbóná, á sì máa hó, ọ́ìlì tí ó bá ti di fóòmù kò sì ní agbára láti dí ohunkóhun lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí a fi yan ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi gáàsì náítírójìn sí, nítorí títẹ̀ tí gáàsì náà ń tẹ ọ́ìlì ni kì í jẹ́ kí ó tètè di fóòmù.

Níwájú, búṣì (rọ́bà oríkèé) ẹ̀yìn ti lówà áàmù, ìyẹn apá irin ìsàlẹ̀ tí ó di táyà mú, ti ya lápá méjèèjì, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ìsàlẹ̀ (oríkèé tí táyà fi ń yí sọ́tùn-ún sósì) lápá òsì sì ń mì nígbà tí a fi irin gbọọrọ tì í lábẹ́. Èyí ṣàlàyé táyà iwájú tí ó jẹ lápá inú nìkan, èyí tí dírẹ́bà ti ń gbé lọ sọ́dọ̀ àwọn aláíńmẹ́ǹtì, àwọn tí ń tò táyà kí ó dúró ní títọ́, léraléra láìrí ìyàtọ̀. Kò sí bí ẹ̀rọ wọn ì báà ti dára tó, bí búṣì bá ti ya, ìtò tí wọ́n ṣe lórí ìdúró kò ní bá ọkọ̀ dé Lugbe nítòsí ibí pàápàá.

Kí a tó ra ohunkóhun, a ní kí wọ́n jẹ́ kí a mọ iye tí ọkọ̀ náà ń gbé ní ti gidi. Alhaja ní ogójì àpò fíìdì ni. Àpò kan jẹ́ kílò 25, ìyẹn sì jẹ́ kílò 1,000. A bẹ̀ ẹ́ kí dírẹ́bà gbé e wá pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn tí ó bá ti kó o tán, kí a lè gbé e gun òṣùwọ̀n ọkọ̀ ńlá tí àwọn oníṣòwò ọkà ń lò. Nígbà tí ó dé, àpò 48 ni a kà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn akẹ́rù méjì tí ó jókòó sẹ́yìn dírẹ́bà. Ẹrù àti ènìyàn papọ̀ ju kílò 1,400 lọ. Ohun tí ilé iṣẹ́ fọwọ́ sí fún Hilux oníkábíìnì méjì kò ju nǹkan bí tọ́ọ̀nù kan lọ, òmíràn tilẹ̀ kéré sí i, ènìyàn inú ọkọ̀ sì wà nínú ìṣirò náà. Alhaja wo dírẹ́bà, dírẹ́bà wo ilẹ̀. Ó ní òun fẹ́ dín ìrìn kù kí epo lè tó ni.

Ẹyin ńkọ́? Ẹyin kan máa ń wọ̀n tó nǹkan bí gíráàmù 60, nítorí náà kíréètì ẹlẹ́yin 30 kò ju bíi kílò 2 lọ. Bí wọ́n bá kó kíréètì 200, ìyẹn jẹ́ bíi kílò 400, kò tó ìdajì ẹrù fíìdì wọn rárá. Ọkọ̀ náà sì tún máa ń rin òfìfo láti ọjà padà sí oko.

Lẹ́yìn èyí ni a tó jókòó sọ̀rọ̀ sípíríńgì. Àwọn tí ń ṣe sípíríńgì fún píkọ́ọ̀pù máa ń pín ọjà wọn sí ọ̀wọ́ gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ẹrù tí kì í sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọ̀wọ́ tí ó le jù wà fún ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ tí ó wúwo tàbí táǹkì omi kalẹ̀ sínú píkọ́ọ̀pù rẹ̀ títí ayé. Bí a bá fi irú rẹ̀ sí ọkọ̀ Alhaja, fíìdì á rọrùn fún un ní ọjọ́ tí wọ́n bá kó o, ṣùgbọ́n ní àwọn ọjọ́ yòókù, ẹyin á máa fò nínú kíréètì. A ṣàlàyé èyí fún un, ó sì yé e kíákíá ju bí a ti rò lọ, nítorí pé ẹyin ni ó ń sanwó ohun gbogbo.

Dírẹ́bà gbọ́ nípa báàgì afẹ́fẹ́ tí a máa ń fi sáàárín ákísù àti ṣáásí, tí a lè fún ní afẹ́fẹ́ bí ẹrù bá wà, kí a sì tú u bí kò bá sí. Lójú ẹni tí ó ní ẹrù méjì bí èyí, ó jọ pé ohun tí à ń wá gan-an nìyẹn, a sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí a tó kọ̀ ọ́. Lífù sípíríńgì máa ń pín ẹrù sí ojú méjì lára ṣáásí, níwájú ákísù àti lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí ilé iṣẹ́ ti fi irin tí ó nípọn sí láti gbà á. Báàgì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú kan ṣoṣo tí ó wà lókè ákísù ni ó ti ń ti ṣáásí sókè. Nínú oníkábíìnì méjì, ìdí ẹrù, ìyẹn ibi tí a ń kó ẹrù sí lẹ́yìn, kúrú, apá tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ sì wà lórí ákísù àti lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà nígbà tí báàgì bá ń ti àárín sókè, ẹrù tí ó wà ní ìparí á máa fa ìrù ọkọ̀ wálẹ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí ṣáásí rẹ̀ ti tẹ̀ lẹ́yìn kábíìnì kì í ṣe ohun àjèjì. Fún ọkọ̀ tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti tó báyìí, tí a kò mọ gbogbo ohun tí ṣáásí rẹ̀ ti fojú rí, ewu náà pọ̀ ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Kí a má tilẹ̀ tíì sọ ti pé dírẹ́bà ni yóò máa rántí láti fún un ní afẹ́fẹ́ àti láti tú u, dírẹ́bà tí ó ka àpò 48 sí ogójì.

Ní ti gbígbé ọkọ̀ sókè àti táyà ńlá, a kò fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀. Gíga tí kò wúlò á gbé ẹrù lọ sókè, á sì mú kí ọkọ̀ tètè dojú dé ní kọ́nà.

Ohun tí a yàn ni sípíríńgì tuntun tí líle rẹ̀ bá ti ilé iṣẹ́ mu, tí ó sì ní lífù ìrànwọ́ kan tí ó nípọn nísàlẹ̀. Lífù ìrànwọ́ náà tẹ́ pẹrẹsẹ, kì í sì fara kan àwọn tí ó tẹ̀ bí ọrun lókè rẹ̀ àfi bí ẹrù bá ti tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ dé ibi kan. Bí ọkọ̀ bá gbé ẹyin, àwọn ti òkè nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì rọ̀. Bí fíìdì bá dé, ti ìsàlẹ̀ á gbà á. Ọ̀kan nínú àwọn ìbátan Alhaja dábàá tòkunbọ̀ láti dín owó kù. Mi ò lòdì sí lífù tòkunbọ̀ bí a bá rí méjì tí ó dọ́gba, tí a wọn títẹ̀ wọn, tí kò sì sí ìpẹtà láàárín wọn, ṣùgbọ́n nínú gbogbo èyí tí a wò lọ́jọ́ náà, kò sí méjì tí gíga wọn bá ara wọn mu. Ní ti ṣọ́ọ̀kì àti búṣì, mi ò gba tòkunbọ̀ rárá, nítorí rọ́bà a máa gbó bí kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán mọ iye ìrìn tí ó kù nínú ṣọ́ọ̀kì.

Sípíríńgì iwájú wà níbẹ̀ bí a ti bá a. Gíga rẹ̀ dára, kò ṣẹ́, a kò sì rí ìdí tí Alhaja yóò fi ná owó lé e. Ṣọ́ọ̀kì iwájú méjèèjì ni a pààrọ̀, pẹ̀lú búṣì àti bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ìsàlẹ̀ lápá méjèèjì. Bóòtì tí a fi ń tò táyà lára lówà áàmù ti pẹtà mọ́ inú búṣì tí kò fi ṣe é yí, a sì ní láti gé wọn. Ẹni tí ó bá ní Hilux tí ó ti pẹ́, kí ó ti fi owó bóòtì wọ̀nyí sínú ìṣirò rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í kọbi ara sí nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ búṣì. Rọ́bà inú búṣì lẹ̀ mọ́ irin rẹ̀, kì í yí. Lílọ́ ni rọ́bà náà ń lọ́ nígbà tí táyà bá ń lọ sókè sódò. Bí a bá di bóòtì rẹ̀ pinpin nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì, tí ẹsẹ̀ sì so kọ́ sísàlẹ̀, ní lílọ́ ni rọ́bà náà yóò wà láti ọjọ́ tí ọkọ̀ bá ti fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi ya. A fi ọwọ́ di gbogbo bóòtì náà díẹ̀, a sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí táyà rẹ̀, a mì í sókè sódò títí ó fi jókòó, a wá wọ abẹ́ rẹ̀ lọ dì wọ́n pa. Bákan náà ni a ṣe búṣì sípíríńgì ẹ̀yìn. Yúbóòtì tí ó di sípíríńgì mọ́ ákísù, tuntun ni a lò, nítorí èyí tí ó ti nà lẹ́ẹ̀kan kì í di nǹkan mú bí ti àkọ́kọ́ mọ́.

Bíréèkì ni ó gba àkókò jù, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ wá. Ọkọ̀ yìí kò ní ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà di pa bí a bá tẹ bíréèkì. Ohun tí ó ní ni fáàfù kan lára ṣáásí, nítòsí ákísù ẹ̀yìn, tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan so pọ̀ mọ́ ákísù náà. Bí ẹrù bá tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ wálẹ̀, irin náà á ti fáàfù kí ó jẹ́ kí agbára bíréèkì púpọ̀ dé ọ̀dọ̀ táyà ẹ̀yìn. Bí ọkọ̀ bá ṣófo tí ẹ̀yìn sì ga, á dín agbára náà kù kí táyà ẹ̀yìn má bàa di pa kí ó sì máa yọ̀. Gíga ẹ̀yìn ni fáàfù yìí fi ń mọ ìwọ̀n ẹrù, kò ní ojú mìíràn tí ó fi ń ríran. Nínú ọkọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti wọlẹ̀ láìsí ẹrù, fáàfù á gbà pé ẹrù wà nínú rẹ̀ nígbà gbogbo. Nígbà tí a bi dírẹ́bà léèrè, ó ní lóòótọ́, bí òjò bá rọ̀ tí òun sì tẹ bíréèkì nígbà tí ọkọ̀ ṣófo, ẹ̀yìn máa ń fẹ́ gba iwájú òun kọjá. Táyà tí ó ti jẹ ni ó ti ń dá lẹ́bi.

Nígbà tí a wá dé ìdí irin náà, ó ti tẹ̀, ẹnì kan sì ti fi wáyà tí àwọn adirin kọ́ńkéré ń lò so ó mọ́ ara páìpù kí ó má bàa máa pariwo. A tú wáyà náà, a pààrọ̀ irin, a sì tún fáàfù tò bí gíga tuntun ti sọ. Ẹni tí ó bá gbé ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù sókè láìfọwọ́ kan fáàfù yìí yóò bá òdìkejì pàdé: fáàfù á gbà pé ọkọ̀ ṣófo nígbà tí ó kún, táyà iwájú nìkan ni yóò sì máa ṣe gbogbo iṣẹ́ ìdúró. Ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, pàápàá lójú ọ̀nà Lokoja tí tírélà pọ̀ sí.

Lẹ́yìn èyí ni aláíńmẹ́ǹtì àti títò iná iwájú, kò sì sí wàhálà kankan nínú wọn.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, ẹ̀yìn ọkọ̀ dọ́gba lápá méjèèjì, ó sì ga ju iwájú lọ díẹ̀ láìsí ẹrù, bí ó ti yẹ kí píkọ́ọ̀pù rí. A kó àpò fíìdì 32 sí i, ìyẹn kílò 800, pẹ̀lú dírẹ́bà àti akẹ́rù kan. Ọkọ̀ náà jókòó ní títẹ́, lífù ìrànwọ́ ti fara kan àwọn ti òkè, ṣùgbọ́n ákísù ṣì jìnnà sí rọ́bà tó ìbú ọwọ́ odidi. Iye yẹn ni a bá Alhaja fẹnu kò sí, ó sì gbà pé kí wọ́n máa rìn lẹ́ẹ̀mejì bí fíìdì bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A tún fi ibi tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àpò gbọ́dọ̀ wà han dírẹ́bà: kí wọ́n tò wọ́n mọ́ ẹ̀yìn kábíìnì, kí ìparí ìdí ẹrù fúyẹ́.

Ẹyin gba sùúrù díẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n kó o, Alhaja pè, ó ní fífọ́ ti dín kù ṣùgbọ́n kò tíì tán. A ní kí wọ́n wo afẹ́fẹ́ táyà. Èyí tí fọkanáísà fún un fún ẹrù fíìdì ni wọ́n ṣì ń gbé ẹyin pẹ̀lú, táyà náà sì le bí òkúta. Nígbà tí wọ́n dín ti ẹ̀yìn kù fún ọjọ́ ẹyin, tí wọ́n sì tẹ́ fóòmù pẹlẹbẹ sábẹ́ kíréètì ìsàlẹ̀, ẹyin tí ń fọ́ wá kéré débi pé kò bi Alhaja nínú mọ́. Dírẹ́bà ní ti bíréèkì ni òun kọ́kọ́ rí, pé ọkọ̀ ń dúró ní títọ́ nínú òjò.

Wọ́n gbé e padà wá lẹ́yìn ìrìn díẹ̀ kí a lè tún yúbóòtì dì, nítorí sípíríńgì tuntun máa ń jókòó mọ́ ákísù díẹ̀díẹ̀, yúbóòtì á sì dẹ̀. Gbogbo wọn gba ìdì díẹ̀ sí i. Ní ọjọ́ náà ni a rí i pé bọ́ọ̀lù jọ́ìntì òkè lápá ọ̀tún ti ń mì díẹ̀, èyí tí a fi sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ nítorí pé ó ṣì dúró gírígírí. Kò tíì di ewu. A kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀ náà pé kí a pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ti òsì nígbà tí táyà iwájú bá tó pààrọ̀, torí pé a ó tún ṣe aláíńmẹ́ǹtì nígbà náà bí ó ti wù kí ó rí, Alhaja kò sì ní sanwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.